Ìkòkò Kan, Ẹ̀kọ́ Púpọ̀: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá Ṣe Lè Kọ́ Ìmọ̀ Ọmọnìyàn Lọ́nà Tó Gbòòrò

Ní oṣù kejì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ yunifásítì, ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan wá sí ilé mi ní Kubwa. Ìwé kọ́ọ̀sì GST 112 ni, ọ̀kan lára àwọn kọ́ọ̀sì gbogboogbò, èyí tó dá lórí àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé gbogbo èyí náà ni kí n há sórí?" Ẹ̀ka Ìtàn ló wà, kò sì rí ohun tó pa kọ́ọ̀sì yìí pọ̀ mọ́ ti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti lítíréṣọ̀ tí wọ́n tún kó lé e lọ́wọ́. N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo yọ ogún náírà kan nínú àpò owó mi, mo dojú ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ́, mo ní kí ó sọ ohun tí ó rí fún mi.

Ó rí obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń fi owó náà ra súìtì, kò sì mọ orúkọ obìnrin náà.

Fún irú rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí, àti fún àwọn òbí tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé tí wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí ọmọ wọn ń kọ́. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ẹ̀kọ́ tó gbòòrò kì í ṣe kíkó kọ́ọ̀sì jọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé kalẹ̀ níwájú yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan bi í ní ìbéèrè tirẹ̀, kí ìdáhùn wọn máa bá ara wọn jiyàn títí ohun náà yóò fi yé yín ju bí ìmọ̀ ẹyọ kan ì bá ti là á yé yín lọ.

Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ka ẹ̀kọ́ méje fún irú ètò yìí. Gírámà, ìmọ̀ bí a ṣe ń ronú tó gún, àti ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ni mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìṣirò, jiọ́mẹ́tìrì, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ tó yẹ ẹni tí kì í ṣe ẹrú ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì pátápátá ni, nítorí pé ní ilé kéú Ìlọrin àti ti Kánò, gírámà Lárúbáwá, ìmọ̀ ìrònú àti ìmọ̀ ẹwà ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí àwọn àgbà ààfáà fi ń kọ́ ọmọ. Ẹni tó sì kọ́ Ifá kọ́ ìtàn, ewì, ìwòsàn àti ìwà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sí ẹni tó gé wọn sí wẹ́wẹ́ fún un. Yunifásítì Nsukka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ gbogboogbò wọ inú ètò yunifásítì ní Nàìjíríà, òun náà ló sì di GST tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ogún náírà

Ìtàn ni ó máa kọ́kọ́ béèrè: ta ni, níbo, nígbà wo? Ladi Kwali ni obìnrin náà. Ọmọ Gbagyi ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari. Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Kwali, tó wà nínú agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ wa yìí, ó sì kú ní 1984. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà pé ní "Àbújá" ló ti ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe wá ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Garki tàbí Wuse, nítorí Suleja ni ìlú tó ń jẹ́ Àbújá nígbà náà. Nígbà tí àwọn ajagun jíhàdì gba Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọba wọn, Muhammad Makau, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí ìhà gúúsù. Abu Ja, àbúrò rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ló tẹ ìlú náà dó ní 1828. Abubakar ni wọ́n gé kúrú sí Abu. Ja ni pupa lédè Haúsá. Ní 1976, nígbà tí ìjọba ológun yan ilẹ̀ fún olú-ìlú tuntun, wọ́n mú orúkọ náà fún olú-ìlú, ìlú àtijọ́ sì gba Suleja, láti ara orúkọ ẹ́míà rẹ̀, Suleiman Barau. Ẹni tí ó ń gbé Àbújá lónìí tí kò mọ èyí ń fi orúkọ ọba kan dá àdírẹ́sì ilé rẹ̀ láìmọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn, Ladi Kwali sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954. Ibí yìí ni ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà ti máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ìtàn lẹ́nu. Nínú iṣẹ́ àwọn obìnrin Gbagyi, ìkòkò kì í yí. Obìnrin náà ló ń rìn yí i ká, tí ó ń fi amọ̀ tí ó yí bí okùn lé orí amọ̀, tí ó ń fi ọwọ́ fà á sókè títí ikùn ìkòkò yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà ni Ladi Kwali máa ń fín alángbá, àkekèé, ejò, ọ̀nì àti ẹyẹ sí i lára. Ohun tuntun tí Cardew mú wá ni ẹ̀rọ tí ń yí amọ̀, ìléru tí iná rẹ̀ gbóná gidigidi, àti ohun tí a ń kùn sára ìkòkò kí ó lè máa dán bí dígí. Ladi Kwali kọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò pa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá rẹ̀ tì: ìkòkò tí ó fi ọwọ́ mọ ní ìlànà Gbagyi ni ó gbé wọ inú ìléru tuntun. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1977.

Mo ní kí ọmọ náà dúró díẹ̀ síbí, kí ó ronú bí onísáyẹ́ǹsì. Ìkòkò amọ̀ tí a sun ní ìta gbangba ń mí. Omi ń yọ́ jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ìyẹn ló sì ń mú kí omi àmù tutù. Èyí tí a kùn tí a sì sun nínú ìléru gbígbóná kò mí mọ́. Ó lẹ́wà, wọ́n ń gbé e sí ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n kò lè mú omi tutù mọ́. Ǹjẹ́ àmù ṣì ni? Ìbéèrè ìmọ̀ ọgbọ́n-orí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lè dáhùn rẹ̀ dáadáa bí kò bá mọ ìtàn, iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ̀sìn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nípa amọ̀. Nínú ìwé Jeremáyà orí 18, wòlíì náà lọ sí ilé amọ̀kòkò, ó rí i bí ìkòkò ṣe bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì tún un mọ. Nínú Kùránì, súrà 55, ẹsẹ 14, a kà pé láti inú amọ̀ gbígbẹ bí ti ìkòkò ni Ọlọ́run ti dá ènìyàn. Nínú Ifá, Àjàlá ló ń mọ orí tí ènìyàn ń yàn kí ó tó wá sáyé. Iṣẹ́ yín kì í ṣe láti sáré sọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Amọ̀kòkò inú Jeremáyà ní àṣẹ lórí amọ̀ rẹ̀ pátápátá. Àjàlá, ní tirẹ̀, onígbèsè ni, tí ó ń sá fún àwọn olówó gọ sí àjà, tí kò sì sun gbogbo orí jinná. Ẹni tó bá yan èyí tí kò jinná, òjò ayé á fọ́ ọ mọ́ ọn lórí. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè dá yan orí tiwọn, wọ́n ṣì í yàn. Àfùwàpẹ́ tó kọ́kọ́ lọ bá bàbá rẹ̀ ló rí èyí tó dára gbà. Ta ni kí a wá dá lẹ́bi fún orí tí a yàn láìmọ̀? Mo ti rí i tí ìbéèrè yìí mú kí àwọn ọmọ ọdún 18 jókòó jiyàn títí NEPA fi mú iná lọ, tí wọn kò sì dìde.

Ẹ lè tún fa okùn náà gùn síwájú. Ní 1928 ni àwọn tó ń wa táànganran lẹ́bàá abúlé Nok, ní gúúsù Kàdúná, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ère amọ̀ sísun nínú ilẹ̀. Ní 1943, akọ̀wé ibi ìwakùsà kan gbé orí amọ̀ kan lọ sílé, ó fi ṣe aṣọ́ko sínú oko iṣu, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, ẹni tó mọ̀ pé ohun àtijọ́ gidi ni. Àwọn tó mọ irú ère bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kí a tó bí Jésù ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó tún gbé ogún náírà náà wò, ó dákẹ́. Kò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ bóyá kí òun há ìwé náà sórí.

Yíyan kọ́ọ̀sì

Ìlànà ẹ̀kọ́ tó wà lóde báyìí ni èyí tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maitama níhìn-ín, gbé jáde ní ìparí ọdún 2022, tí àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023. Àjọ náà ló ń pinnu ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ó kọ́, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìdá 30 kún un. Nítorí náà, ẹ gba ìwé ìlànà ẹ̀ka yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wo ìdá 30 yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni yunifásítì yín ti fi ohun tó jẹ ẹ́ lọ́kàn hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ yín iye kọ́ọ̀sì tí ẹ lè mú láti ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè rárá. Èyí tí ọ̀rẹ́ wọn sọ pé ó rọrùn ni wọ́n ń mú.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo àwọn kọ́ọ̀sì gbogboogbò nítorí pé yúníìtì méjì méjì ni wọ́n. GST 111 ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, GST 212 jẹ́ ti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí àti ìrònú tó gún, GST 312 jẹ́ ti àlàáfíà àti yíyanjú aáwọ̀. Ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ GST 112, ẹ ó rí i pé gírámà, ìrònú àti ọ̀rọ̀ sísọ ti àwọn ará àtijọ́ ló tún padà wá. Mo gbà pé yàrá ìkàwé máa ń kún àkúnya, tí ohùn olùkọ́ kì í dé ẹ̀yìn. Ẹ tètè dé, kí ẹ jókòó síwájú.

Síbẹ̀, ẹ ní ìmọ̀ kan tí ẹ ó pè ní ilé. Ẹni tí kò ní ibi kankan tí ó ti jinlẹ̀ yóò máa fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe àgbékọ́ ni. Bí Ìtàn bá ni ilé yín, kí lítíréṣọ̀, èdè àti ẹ̀sìn jẹ́ àwọn ibi tí ẹ ń lọ kí, tí ẹ sì ń mú nǹkan bọ̀ wálé láti ibẹ̀.

Àwọn tí kò rí àyè wọ yunifásítì, tàbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò yẹ kí wọ́n sọ̀rètí nù. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi, ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n.

Èdè

Kò sí ìmọ̀ ọmọnìyàn láìsí èdè, àwa Yorùbá tí a wà ní òkè ọya sì ní àǹfààní tí àwọn ará ilé kò ní. Ẹ lọ sí ọjà Kubwa, kí ẹ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ Haúsá. Albasa ni ó máa pè é, àwọn méjèèjì sì ti inú èdè Lárúbáwá wá. Wàhálà, tálákà, àdúrà, àlàáfíà: ẹ kọ gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì ní ìtàn òwò, ẹ̀sìn àti ìrìn-àjò lọ́wọ́ láìtíì ṣí ìwé kankan. Ẹ tún wo ogún náírà náà lẹ́ẹ̀kan sí i: kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2007, ìkọ̀wé Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ Haúsá orí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní àjàmí. Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio, tó gbé ayé láti 1793 sí 1864, kọ ewì ní èdè mẹ́ta, Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá, ó sì fi ewì náà kọ́ àwọn obìnrin abúlé lẹ́kọ̀ọ́. Ajàyí Crowther tiwa, tó kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tún tẹ ìwé gírámà Núpé jáde ní 1864. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí láyé ọkọ̀ ojú omi, ó yẹ kí ọmọ tí a bí ní Nyanya lè kọ́ Haúsá kọjá "nawa ne", èló ni.

Kí wọ́n sì mọ Yorùbá kọ pẹ̀lú àmì ohùn. Mọ ni ohun tí amọ̀kòkò ń ṣe sí amọ̀. Mọ̀ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Ẹni tí kò fi àmì sí i ti gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ jù sí òǹkàwé lọ́rùn.

Kíkà àti kíkọ

Nígbà tí èmi fúnra mi wà ní yunifásítì, mo há odindi kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ọgbọ́n-orí kan sórí, mo sì gba A. Nígbà ìsinmi, bàbá mi bi mí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ pé kí ni mo kọ́ nínú rẹ̀, n kò sì rí gbólóhùn kan sọ. Ó ní kò burú, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú. Láti ìgbà náà ni n kò ti ka ohunkóhun láìbi ara mi bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́.

Ìwé tí ẹ bá mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé 10 péré, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ẹ kà á já láìmú gègé dání. Ní ìgbà kejì, ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ pé òótọ́ ni, kí ẹ sì wá ẹ̀rí tí ó mú wá. Ní ìgbà kẹta, ẹ bá a jà: kí ló fi sílẹ̀, ohùn ta ni a kò gbọ́? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù bá yín kọ ọ́, nítorí ibi tí gbólóhùn ti kọ̀ láti jáde gan-an ni òye ti ń wọlé.

Ibi tí ẹ lè dé

Ojú irin láti Idu tàbí Kubwa yóò gbé yín dé Rigasa ní Kàdúná. Ibẹ̀ ni Arewa House wà, ilé tí Sir Ahmadu Bello gbé tí wọ́n sì pa á sí ní January 1966, tó ti di ibi ìpamọ́ ìwé ìtàn. Ibi Ìpamọ́ Ìwé Àpapọ̀ náà wà ní Kàdúná, pẹ̀lú fáìlì ìjọba amúnisìn lórí ilẹ̀ àríwá. Ẹ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka yín lọ, kí ẹ mú pẹ́ńsù dání. Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ni Lugard ti kéde ìjọba amúnisìn ilẹ̀ àríwá ní ọjọ́ kìíní, oṣù January 1900. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, tí wọ́n ṣí ní 1952, ní ìkòkò àti ère Nok.

Bí ó bá jẹ́ ìlú kan ṣoṣo ni owó ọkọ̀ yín ká, Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni èmi yóò rán yín lọ. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọ́kọ́ ṣí ní Nàìjíríà, ní 1945. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé àwọn àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Àwọn olùwádìí ń sọ̀rọ̀ àwọn agbẹ́kùúta tí a kò mọ orúkọ wọn. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá sọ ìtàn náà fún yín pé ta ni ó sọ ọ́ fún un, kí ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó wá wo ohun tí ìwádìí lè sọ àti èyí tí kò lè sọ.

Ìbéèrè àwọn òbí

"Kí ni yóò fi jẹun?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì ní pa irọ́ fún òbí kankan: dígírì Ìtàn kò so mọ́ iṣẹ́ kan pàtó bí ti nọ́ọ̀sì. Ohun tí ó ń fún ọmọ ni agbára láti ka ìwé ìjọba tó gùn, kí ó rí irọ́ tó wà lójú ìwé keje, kí ó sì kọ èsì tí ọ̀gá kò ní dá padà. Ní ìlú tó kún fún ilé iṣẹ́ ìjọba, ilé ìròyìn, ilé aṣojú orílẹ̀-èdè àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bí Àbújá, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni èyí. Kí ọmọ fi ìmọ̀ kan tí ọwọ́ ń ṣe kún un, bí ìtumọ̀ èdè, ìgbàsílẹ̀ ohùn, tàbí ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì.

Sáà kan

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní sáà yìí, ẹ mú ohun kan tó wà nítòsí yín: owó, aṣọ, orúkọ àdúgbò, ìlù. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì láti wò ó nìkan, kí ẹ sì kọ ohun tí ojú rí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń ṣe, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́ ìbéèrè kan láti ẹnu yín lórí rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lójúkorojú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìdánwò bá kù díẹ̀, ẹ kọ ojú ìwé márùn-ún, kí ẹ sì ka a sókè fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka tirẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Òkèlélé ní Ìlọrin ni ẹ̀gbọ́n mi gbé dàgbà, nítòsí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dáda. Ó gbọ́ ọ títí dé ojú ìwé kejì kí ó tó dá a dúró.

"O kọ ọ́ pé ó 'ṣe' ìkòkò. A kì í ṣe ìkòkò. Mímọ là ń mọ ọ́n, bí a ṣe ń mọ ilé."

Ọmọ náà mú gègé, ó fa ìlà sórí "ṣe" níbi mẹ́rìnlá tí ó wà, ó sì bi ìyá rẹ̀ pé ta ló sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ilé. Ìyá rẹ̀ fa àga súnmọ́ ọn.